Ọta Àfọwọ́kì

Ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú gáréèjì náà. Irin nìkan ló ń ké: kàà nígbà tí ọwọ́ ẹ̀rọ bá sọ̀ kalẹ̀, kàà nígbà tó bá padà sókè. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé ti lù lẹ́yìn ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ooru ọ̀sán kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì tí onílé ní wà níta, nítorí pé tábìlì onípákó nínípọn kan ti gba ibi tó yẹ kí ọ̀kan nínú wọn máa sùn.

Ẹ̀gbọ́n tó gbà mí lálejò fi awò sójú, ó tẹ orí ba. Pátákó kan wà níwájú rẹ̀ tó ní ihò àádọ́ta, àfi bí ọpọ́n ayò. Ìkarahun ọta kọ̀ọ̀kan dúró nínú ihò tirẹ̀, ó ń dán, ó lanu sókè. Ẹ̀gbọ́n bu ẹ̀tù, ó wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré kan, ó dà á sínú ọ̀kan. Ó tún bu, ó tún wọ̀n, ó tún dà.

Mo bi í pé ọdún mélòó ló ti ń ṣe é. Kò dáhùn. Mo rò pé kò gbọ́, mo tún bi í.

"Àbúrò, dákẹ́ ná. Tí mo bá parí pátákó yìí, màá dá ẹ lóhùn."

Ìgbà tó parí, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sínú ìkarahun kọ̀ọ̀kan láti orí èkínní dé orí àádọ́ta, ó ń wò ó bóyá ẹ̀tù inú wọn ga dọ́gba. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bọ́ awò, tó sì rẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kànlá. Kí lo tún fẹ́ mọ̀?"

Nọ́ọ̀sì ni lójú iṣẹ́. Ọmọ Òkè-Ògùn ni, ọdẹ paraku sì ni bàbá tó bí i. Ìbọn ṣakabùlà kì í wọ́n ní igun yàrá ilé wọn. Ohun tó ń ṣe nínú gáréèjì yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní reloading: kí èèyàn ṣa ìkarahun ọta tó ti yìn, kí ó tún un kì nínú ilé ara rẹ̀, kí ó tún un yìn. Eré ọwọ́dilẹ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, bí àwọn mìíràn ṣe ń pẹja tàbí tí wọ́n ń gbin òdòdó. Kò sì sí ẹni tó ń fi ojú ọ̀daràn wò wọ́n.

Idẹ kì í ṣòfò

Ẹni tí kò mọ ọta rí yóò rò pé odindi rẹ̀ ló ń fò jáde lẹ́nu ìbọn. Rárá o. Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta òde òní. Orí ọta, òjé tí a sábà fi bàbà bò, ló ń fò lọ bá ẹran tàbí bébà tí a fi ṣe àmì. Ẹ̀tù ló ń tì í lọ. Nǹkan pẹlẹbẹ kan bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọdé wà ní ìdí, práímà ni wọ́n ń pè é. Òun ni irin inú ìbọn máa ń gbá, tí yóò sì ṣáná sí ẹ̀tù. Ìkarahun ló kó àwọn mẹ́ta yòókù mọ́ra.

Tí ìbọn bá ró, orí ọta ti lọ nìyẹn, ẹ̀tù ti jóná, práímà ti kú. Ìkarahun nìkan ló kù. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, àdàlù bàbà àti síǹkì, òun ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú ẹni tó ń ki ọta, kí èèyàn fi idẹ sílẹ̀ lórí koríko pápá ìyìnbọn dà bí ẹni tó mu bíà tán tó ju ìgò sígbó, nígbà tí ìyá oníbíà ń dúró gba kéréètì rẹ̀.

Idẹ yìí gbọ́n. Bí ẹ̀tù bá ti gbiná, yóò wú, yóò fara mọ́ ògiri ibi tó wà nínú ìbọn, kí iná má baà yọ sẹ́yìn sójú ẹni tó ń yìn ín. Ẹ̀yìn náà ni yóò súnkì díẹ̀, tí yóò ṣeé fà yọ. Ṣùgbọ́n kò ní padà sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Títún un fún padà sí ìwọ̀n yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ibì kan wà nínú ìtàn ọta tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1866, ọkùnrin méjì ṣe irú práímà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Edward Boxer, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe tirẹ̀ tó fi jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín ìdí ìkarahun. Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe tirẹ̀ tó fi ní ihò kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ará Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà. Ti ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ihò àárín kan yẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn láti fi abẹ́rẹ́ irin ti práímà tó ti kú jáde. Ká ní Amẹ́ríkà di ti ọmọ wọn mú ni, bóyá ọkọ̀ ì bá ṣì máa sùn nínú gáréèjì ẹ̀gbọ́n yìí.

Láti orí koríko dé inú páálí

Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rí ń gbọ̀n rìrì ní igun, mo rò pé ẹ̀rọ ìlọta ni. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti lọ̀ kúnná ló wà nínú rẹ̀, àwọn ìkarahun ń yí láàárín rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan títí ìdọ̀tí èéfín yóò fi kúrò lára wọn. Èmi tí mo mọ ṣùkù àgbàdo sí ohun ìdáná, n kò mọ̀ pé ó lè fọ idẹ tó báyìí.

Tí wọ́n bá jáde, ojú ló kàn. Ẹ̀gbọ́n ń yí wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iná. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá sán, tàbí tí ìlà títàn kan bá yí i ká nítòsí ìdí, yóò fi ẹ̀mú tẹ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í lò, yóò sì jù ú sínú garawa àlòkù. Ìkarahun ọta ìbọn kékeré lè padà wá lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ti ìbọn gígùn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí agbára inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń ké kàà. Irin líle oníhò kan wà lókè rẹ̀, dáì ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, ìkarahun yóò gòkè wọ inú dáì, dáì yóò fún un padà sí ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yóò sì ti práímà àtijọ́ jáde. Wọ́n á wọn gígùn ìkarahun. Èyí tó bá ti fà ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á gé e. Wọ́n á tẹ práímà tuntun sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ṣe ìyẹn láìlo ẹ̀rọ ńlá, ó ní ìka òun máa ń mọ̀ bí ibẹ̀ bá ti dẹ̀ jù. Ẹ̀tù ló kàn, orí ọta ló sì kẹ́yìn: dáì mìíràn ni yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù. Gréènì 7,000 ló wà nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn kan náà kò sì tó ìdajì kílò. Fojú inú wo bó ti kéré tó. Òṣùwọ̀n wọn ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gréènì, ìdá kan yẹn náà sì lóhun tó ń ṣe.

Iye ẹ̀tù tí yóò wọ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń ronú kàn. Inú ìwé ló wà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe orí ọta, ẹ̀tù tàbí irinṣẹ́ ọta kíkì, bíi Hornady, Lyman, Sierra àti Hodgdon, ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ti yin àkópọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ilé àyẹ̀wò wọn, wọ́n sì kọ iye tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wo ìdí ìkarahun bóyá ó ń fi àmì ìnira hàn.

Nǹkan bí àádọ́ta ọta ni ẹ̀gbọ́n ń rí ṣe ní wákàtí kan. Àwọn ẹ̀rọ ńlá wà tó ń yí ìkarahun bíi mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí fífà ọwọ́ wọn kọ̀ọ̀kan sì ń ju ọta kan tó ti parí sílẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n ń ṣe ní wákàtí. Bàbá òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìbọn yíyìn, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò fẹ́ kí ẹni tuntun sún mọ́ irú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹ̀rọ oníkan ṣoṣo jìyà fún ọdún kan ná," ó wí. "Ìgbà yẹn ni yóò mọ ohun tí ẹ̀rọ ńlá ń fi pamọ́ fún un."

Ẹ̀mú, ilé ìfọṣọ àti ẹ̀tù àjẹkù ogun

Àìní ló bí àṣà yìí. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn ọdẹ tó ń pa ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí pápá gbalasa máa ń kó òjé, ẹ̀tù àti práímà sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn, nítorí ọ̀nà jìn sí ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ wọn jù. Ẹ̀bá iná ni wọ́n ti ń ki ọta ọ̀la.

Ní ọdún 1884, John Barlow dá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ideal sílẹ̀ ní New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Irinṣẹ́ tó ṣe dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ: ó wọ àpò, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tábìlì odindi. Lyman ra ilé iṣẹ́ náà ní 1925.

Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì ni eré ọwọ́dilẹ̀ yìí wá di ńlá. Ọta kò sí lọ́jà, ogun ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ní Oroville, ní California, Fred Huntington jókòó sínú ilé ìfọṣọ bàbá rẹ̀ ní 1943, ó ń ṣe dáì tí yóò fi sọ ìkarahun àlòkù ọta .22, èyí tí kò ṣeé tún kì, di aṣọ fún orí ọta tuntun. Ẹran kékeré kan báyìí tó ń gbé inú àpáta ló fẹ́ pa. Láti ara orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹran yẹn ni orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, RCBS, ti jáde, àwọ̀ ewé ẹ̀rọ wọn sì wà nínú ọ̀pọ̀ gáréèjì Amẹ́ríkà títí di òní.

Ìgbà tí ogun parí, ẹ̀tù ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìjọba rẹpẹtẹ. Bruce Hodgdon, ará Kansas, rà á, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń ki ọta nílé. Ọ̀kan nínú ẹ̀tù ogun yẹn, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4895, wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tà lónìí. Joyce Hornady náà bẹ̀rẹ̀ ní Nebraska ní 1949. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, ọkùnrin ni. Ní 1958 ni Richard Lee ṣe irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú kan ní Wisconsin. Òòlù onírọ́bà nìkan ni èèyàn nílò láti fi gbá a. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀kan nínú rẹ̀, ó sì fi gbá ọta kan fún mi. Ariwo rẹ̀ jí ọmọ.

"Owó ni wọ́n ní àwọn ń tọ́jú"

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ìdí ló kọ́kọ́ dárúkọ owó. Àwọn kan náà ló tún rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀, dáì, òṣùwọ̀n àti ìwé tí ẹni tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀ lè gba nǹkan bí 200 sí 500 dọ́là. Tó bá jẹ́ pé ọta 9mm ló ń yìn, èyí tó pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn, àǹfààní rẹ̀ lórí ọta kan kò ju sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ. Yóò yìn títí kí ó tó rí owó ẹ̀rọ rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn gígùn tí wọ́n fi ń díje máa ń lé ní dọ́là kan, òmíràn ń sún mọ́ méjì. Ẹni tó bá ń ki irú èyí fúnra rẹ̀ lè ná nǹkan bí ìdajì.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ ìṣirò yìí tó. "Ọdún kìíní, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú owó. Ọdún kọkànlá rèé, èmi ò rí owó. Ọta ni mo ń rí." Ọkọ rẹ̀ kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, pé ṣe ni òun kàn ń yìn ju bí òun ṣe ń yìn tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún 2020 ló kọ́ ọ̀pọ̀ wọn pé ohun tó ṣe pàtàkì ju owó ni kí nǹkan wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Àjàkálẹ̀ àrùn dé, ìwọ́de gba ìgboro, ìbò ààrẹ ń bọ̀. Lọ́dún yẹn, iye ìgbà tí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò ìwà nítorí ìbọn lé ní mílíọ̀nù 39. Ilé iṣẹ́ Remington, tó ń ṣe ìbọn àti ọta, wọ ilé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí onígbèsè tí kò lè san mọ́ ní oṣù Keje. Práímà ẹgbẹ̀rún kan, tó ń lọ ní nǹkan bí 30 sí 40 dọ́là tẹ́lẹ̀, di ohun tí àwọn kan ń tà ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ẹni tó ní ẹ̀tù àti idẹ ṣùgbọ́n tí kò ní práímà kàn ń wo ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn náà ni ogun Ukraine dé. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ọta náà ni wọ́n fi ń ṣe ti àgbá ológun, owó ẹ̀tù gáréèjì sì gbéra sókè.

Tíṣà obìnrin kan tó ń díje lórí ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún yáàdì sọ fún mi pé òun kò ronú owó rí. Ìwé àkọsílẹ̀ tó fi hàn mí kún fún nọ́ńbà: ìwọ̀n ẹ̀tù, bí orí ọta ṣe wọlé jìn tó, ooru ọjọ́, ibi tí ọta márùn-ún bà. "Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní oúnjẹ tó fẹ́," ó wí. Ọta ilé iṣẹ́, oúnjẹ tí wọ́n sè fún gbogbo ìlú ni. Ó ní òun ń se ti ìbọn òun nìkan. Ó fi orí ọta kan wọlé díẹ̀ sí i, díẹ̀ tí kò tó ìbú irun orí, ihò márùn-ún tó fọ́n káàkiri bébà wá kóra jọ síbi kan. Ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ dà bí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó gba ipò kìíní.

Òun ni mo gbà gbọ́ jù. Owó ni àwáwí ọ̀rọ̀ yìí, ìdùnnú pé ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe lọ síbi tí mo rán an ni ọ̀rọ̀ gan-an.

Àdó bàbá àti òṣùwọ̀n ọmọ

Bàbá ẹ̀gbọ́n kò lo òṣùwọ̀n rí láyé rẹ̀. Àdó kékeré kan ló fi ń bu ẹ̀tù dúdú, yóò dà á sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fojú wò ó, yóò rọ ọ́ sẹ́nu ṣakabùlà, yóò fi ọ̀pá kì í. "Tó bá jẹ́ ẹtu la fẹ́ pa, ó kéré. Tó bá jẹ́ ìmàdò, ó pọ̀. Ojú ló ń wọ̀n."

Ẹ̀tù dúdú gba irú ìwọ̀n ojú bẹ́ẹ̀ dé àyè kan, kì í ṣe dé òpin. Ẹ̀gbọ́n kò gbàgbé ọdẹ kan ní agbolé kejì tí ìbọn bẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tó fi ìka mẹ́ta sílẹ̀ nínú oko. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tó wà lórí tábìlì Houston kì í ṣe ọmọ ìyá ti bàbá. Ẹ̀tù aláìléèéfín ni, irú èyí tí Paul Vieille, ará Faransé, kọ́kọ́ ṣe ní 1884. Agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti dúdú. Kò sí ọ̀rọ̀ fífojúwọ̀n nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá rọ ọ́ sínú ṣakabùlà, ìbọn yẹn yóò fọ́ sójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ sílé kẹ́yìn, ọ̀dọ́ ọdẹ kan gbọ́ ohun tó ń ṣe, ó ní kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ bá òun mú "ẹ̀tù Amẹ́ríkà" bọ̀, pé ó dájú pé yóò dára ju ti ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í fún wákàtí kan, ó ń ṣàlàyé. Kò dá a lójú pé ọmọ náà gbà.

Ọkùnrin kan tó ń tún ìbọn ṣe ní Houston gbé àwọn ìbọn tó bẹ́ kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Méje ni mo kà. Mo ní ṣé ẹ̀tù burúkú ló fà á ni. Ó mi orí. "Kò sí ọ̀kan tí ẹ̀tù rẹ̀ burú níbẹ̀. Ọkàn ẹni tó kì í kò sí nílé ni."

Ọ̀nà méjì ni àṣìṣe náà sábà máa ń gbà. Fóònù dún, èèyàn yíjú, ó padà, ó tún da ẹ̀tù sínú èyí tó ti ní ẹ̀tù. Ẹ̀tù ìbọn kékeré kì í kún ìkarahun, nítorí náà ìlọ́po méjì rẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ láìdà sílẹ̀. Èkejì ni kí ó gbàgbé láti da ẹ̀tù sínú ọ̀kan. Agbára práímà nìkan yóò ti orí ọta dé àárín ọ̀pá ìbọn, yóò há síbẹ̀. Ìró rẹ̀ kì í tó nǹkan, ó máa ń dún pọ̀. Tí ẹni náà bá tún yin òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá ìbọn yóò là. Ìdí nìyí tí fóònù kò fi ń wọ gáréèjì ẹ̀gbọ́n, tí tọ́ọ̀ṣì fi wà lórí tábìlì, tí kì í sì í sí ju irú ẹ̀tù kan lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tù jọra wọn lójú bí iyọ̀ àti ṣúgà.

Àjọ NFPA, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ lórí iná ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kí ẹ̀tù aláìléèéfín inú ilé ju pọ́n-ùn 20 lọ nínú agolo tó bá wá láti ilé iṣẹ́, àfi tí wọ́n bá kó o sínú àpótí onípákó nínípọn. Práímà kò gbọ́dọ̀ ju 10,000 lọ. Òjé ni ewu tí àwọn èèyàn kì í kà sí, nítorí kì í dún. Ó wà nínú práímà, ó wà lára orí ọta, ó wà nínú eruku ṣùkù àgbàdo yẹn. Wọn kì í jẹun nídìí tábìlì yìí. Ẹ̀gbọ́n fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kó tó gbé ọmọ tó jí.

Níbi tí òfin dúró sí

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ki ọta fún ìlò ara rẹ̀. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ló di oníṣòwò tó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. California bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò ìwà ẹni tó bá ra ọta ní oṣù Keje 2019. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2006 sọ ọ́ di dandan pé kí èèyàn fi ìwé àṣẹ ìbọn hàn kí wọ́n tó ta práímà fún un.

Nílé, ọ̀rọ̀ kò gùn. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 kò fún aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nínú yàrá rẹ̀. Ẹ má ṣe ka àpilẹ̀kọ yìí kí ẹ lọ máa wá ẹ̀rọ ìtẹ̀ kiri ní ọjà Ládípọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ bá sọ èyí tó kù. Ẹni tó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú físà àlejò, ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, òfin kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Lójú òfin yẹn, ìkarahun lásán, práímà, orí ọta àti ẹ̀tù, ọta ni gbogbo wọn ń jẹ́. Páálí práímà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n sì dá a padà sílé. Ẹni tó ti ní ìwé ìgbélùú ló bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ má sì kó ẹ̀tù tàbí práímà sínú àpótí ìrìnnà nítorí ọdẹ kankan nílé. Ọkọ̀ òfurufú kò gbà á, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́ tàbí èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀.

Ẹni tí òfin bá gbà láyè, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí i, kí ó ra ìwé kí ó tó ra ẹ̀rọ. Kí ó kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí ó wá àgbà kan tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣì pé mẹ́wàá, kí ó jókòó tì í, kí ó má ṣe bá a sọ̀rọ̀ títí tí pátákó yóò fi parí.